Ẹ̀yin Ará Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, Ta Ni Ọ̀tá Yín?

Ìwé ìpolongo ẹgbẹ́ alátakò ni ẹ mú lọ́wọ́ yìí, nítorí náà ẹ ó ti máa retí pé àwọn tó wà lórí àlééfà ni mo fẹ́ kọjú ìjà sí. Ẹ fara balẹ̀ ná. Mo ní ọ̀rọ̀ láti bá wọn sọ, n ó sì sọ ọ́ kí n tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tiwa ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbá lónìí, nítorí pé ohun tí mo fojú mi rí nígbà ìpolongo tó kọjá, tí èmi náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ní ọdún 2024, nígbà tí ìbò gómìnà kù sí dẹ̀dẹ̀, àwa ọmọ ẹgbẹ́ bíi mẹ́jọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìkàrẹ́. A jókòó sábẹ́ kánópì, a ń retí oúnjẹ. Ìyá àgbà kan wọlé. Aṣọ àǹkárá tí wọ́n ya àwòrán olùdíje ẹgbẹ́ kejì sí ni ó ró. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wa ti rí i báyìí, ó pariwo pé, "Olè ti dé o!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn ní kí àwọn tó ń gbé oúnjẹ má ṣe fún un, kó lọ jẹ tirẹ̀ nílé gómìnà. Èmi tí mo jẹ́ olùṣètò wọn, èmi tó yẹ kí n bá wọn wí, mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ìyá náà kò fèsì. Ó lọ sídìí ọmọ, ó fi owó sínú abọ́ omi, ó gbàdúrà fún ọmọ àti ìyá ọmọ, ó sì jáde. Kò dúró jẹun.

Ta ni ìyá yìí? Òun ló ń ta gàrí láwìn fún ìyá mi nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama. Kò sí ìgbà kan tó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa kó máa béèrè owó rẹ̀ lójú àlejò. Ìyá mi ló gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó délé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà. Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ tí wọ́n fún mi ni mo ró. N kò ní òmíràn tó tuntun tó o láti ró lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Ẹ̀yin kò fún mi láṣọ, ẹ tún wá fi èyí tí wọ́n fún mi ṣe mí lẹ́sín."

Ẹ gbọ́ èyí tó kù. Nínú ìwé tí mo ń kọ orúkọ sí, ohùn mọ́kànlá ni mo kọ sílẹ̀ fún agbo-ilé ìyá náà, mo sì fi àmì sí gbogbo wọn pé tiwa ni wọ́n. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣèlérí fún wa. Lẹ́yìn ìbò, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé àwọn ọmọ òun jáde lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀rín abẹ́ kánópì ni wọ́n ṣe jáde. Mo mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Èmi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹgbẹ́ tiwa nìkan ló ń hu irú ìwà yìí. Àwọn ti òdìkejì ń ya pósítà wa bí ẹni ya ewé ẹ̀kọ. Mo mọ ọlọ́kadà kan ní Ọ̀kà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sá fún nítorí àsíá kékeré tó so mọ́ ọ̀kadà rẹ̀. Mo mọ àna méjì tí wọn kò jọ kí ara wọn mọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ní ilẹ̀ ti mọ́, wọn a kọ́kọ́ béèrè ẹgbẹ́ tí ẹ ń ṣe kí wọ́n tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ ìbò tó yẹ kó jẹ́ ti ọjọ́ kan láàárín ọdún mẹ́rin ti di ohun tí a ń gbé sùn, tí a ń gbé jí. Ẹ̀sìn mìíràn ni a fi dá sílẹ̀. Ẹni tó wà ní mọ́ṣáláṣí àti ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ń jọ jẹun ọdún ní Àkókó láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sí ìjà. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló wá ń ya àwo oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Ọ̀kà, ìlú ìyá mi. Nínú agbo-ilé tí wọ́n bí ìyá mi sí, ògiri kan wà tó la àárín àgbàlá kọjá. Ògiri alámọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìyá mi ló wá sọ fún mi pé ilé kan ṣoṣo ni, ọdún 1983 ni wọ́n mọ ògiri sí i. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà. Bàbá ìyá mi jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, bá NPN lọ, ẹgbẹ́ tó ní ilé àti àgbàdo.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbẹ̀ mọ ọdún náà jù mí lọ. Akin Ọmọ́bóríowó jẹ́ igbákejì gómìnà fún olóògbé Adékúnlé Ajáṣin láti 1979. Nígbà tí kò rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà nínú UPN, ó kọjá sí NPN. Ní 13 August 1983 a dìbò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, èyí tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà náà. FEDECO, àjọ tó ń ṣètò ìbò, kéde pé Ọmọ́bóríowó ló wọlé. Iná sì ràn. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun mọ́tò, wọ́n pa èèyàn. Ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti pa Ọláìyá Fágbàmígbé, ẹni tó fi iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ṣe oore fún èdè wa, tó ti fi UPN sílẹ̀ lọ sí NPN. Èèyàn tó jẹ́ pé ọmọ ilé ìwé púpọ̀ ti ṣí ìwé tó tẹ̀, tí wọn kò sì bi í léèrè ẹgbẹ́ tó ń ṣe kí wọ́n tó kà á. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ yẹ ọ̀rọ̀ wò, wọ́n dá ipò padà fún Ajáṣin, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ náà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ẹ̀mí padà? Ajáṣin kò sì pẹ́ lórí àga náà. Ní 31 December 1983 ni àwọn ṣọ́jà gbàjọba, wọ́n kó UPN, wọ́n kó NPN, wọ́n jọ tì wọ́n mọ́lé.

Nígbà rògbòdìyàn yẹn, àwọn kan wá béèrè àbúrò bàbá ìyá mi nílé. Wọ́n gbé pẹtirólù dání. Ìyá mi sọ pé bàbá òun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ sun ilé àbúrò òun, kí wọ́n kọ́kọ́ sun òun. Wọ́n padà lọ. Ẹ ó rò pé ìyẹn ni yóò parí ìjà. Rárá o. Àbúrò ní ẹ̀gbọ́n òun ló rán wọn wá, pé ó kàn bẹ̀rù nígbà tó rí wọn ni. Ẹ̀gbọ́n ní irú ẹnu wo lèyí. Láàárín oṣù kan, ògiri ti dìde.

Bàbá àgbà mi kú ní 1998. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo rí àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ ní òdìkejì ògiri, tó ń wo pósí bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá. Kò wọlé wá. Kò sì padà sínú ilé títí a fi sin òkú tán.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn tí wọ́n ń tìtorí wọn jà ṣe ní tiwọn. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ NPN ni títí di 1982, ìwé ìròyìn rẹ̀ Concord sì bá Awólọ́wọ̀ jà kíkankíkan. Ní 12 June 1993, ta ló dìbò fún Abíọ́lá nílẹ̀ Yorùbá? Àwọn ọmọ Awólọ́wọ̀ náà ni! Nígbà tí àwọn ológun fagi lé ìbò yẹn, tí wọ́n dá NADECO sílẹ̀ ní 1994 láti bá Abíọ́lá gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ta ni ó ṣe olórí wọn? Adékúnlé Ajáṣin ni, bàbá tí wọ́n fẹ́ torí NPN gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1983. Ó ti dàgbà gan-an nígbà náà, àwọn ológun tún ń fi agbára dààmú rẹ̀, kò sì yẹsẹ̀ títí ó fi kú ní 1997. Èmi kò bú u fún èyí. Ohun tó dára ni ó ṣe, iyì rẹ̀ sì ga lójú mi nítorí rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìjà ẹgbẹ́ ní ìwọ̀n, pé ohun kan wà tó ju ẹgbẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wá sí Ọ̀kà láti sọ fún bàbá àgbà mi àti àbúrò rẹ̀ pé ìjà ti parí. Lọ́dún 1994 tí àwọn aṣáájú UPN àtijọ́ àti àwọn èèyàn NPN àtijọ́ ń jọ jókòó ní ìpàdé kan náà, ògiri ilé wa ṣì dúró digbí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1983 kì í sì í ṣe àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìbò 11 October 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ wa, láàárín ẹgbẹ́ Dẹ́mọ́ ti Ládòkè Akíntọ́lá àti àwọn ọlọ́pẹ tí wọ́n bá Awólọ́wọ̀ lọ, ni a ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà "wẹ́tíẹ̀": kí wọ́n fi pẹtirólù rin ilé tàbí ènìyàn, kí wọ́n ṣáná sí i. Ní 15 January 1966 ṣọ́jà dé. Ọdún mẹ́tàlá ni a lò lọ́wọ́ wọn kí a tó tún dìbò tó nítumọ̀. Ní 1983 a tún ṣe é, a tún lo ọdún mẹ́rìndínlógún tó fi di 1999, bí a bá yọ àwọn gómìnà alágbádá ọdún 1992 sí 1993 kúrò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwa fúnra wa dá iná, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi iná wa ṣe àwáwí tí wọ́n fi gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Mo mọ̀ pé àwọn tó yí ìbò ló kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú iyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó yí ìbò kì í gbé nínú ilé tí wọ́n sun.

Ẹlòmíràn lè sọ pé àwa aláwọ̀ dúdú ni a kò mọ òṣèlú ṣe, pé àwọn Òyìnbó tó gbé e wá ń ṣe tiwọn wọ́ọ́rọ́wọ́. Irọ́ ni. Ní 4 July 1948, tó kù ọ̀la kí ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mínísítà tó gbé ètò náà kalẹ̀, Aneurin Bevan ti ẹgbẹ́ Labour, dìde nípàdé kan ní Manchester. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ Conservative rẹlẹ̀ ju eku àti kòkòrò inú ilé lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ìbá máa gbé gẹ̀gẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí pé tálákà yóò lọ sí ọsibítù láìsanwó, èébú ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń tú palẹ̀. Àwọn Conservative fi èébú náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ṣe eku kékeré aláwọ̀ búlúù, wọ́n ń fi há àyà. Margaret Thatcher, tó di olórí ìjọba ibẹ̀ ní 1979, fi eku náà há àyà nígbà èwe rẹ̀. Ní 1951 ẹgbẹ́ Labour kúrò lórí àlééfà. N kò sọ pé èébú kan ló lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pe olùdìbò ní eku, ó ti fún un ní bájì tí yóò fi há àyà. Bí a ṣe pe ìyá onígàrí ní olè gan-an nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà, ní 16 June 2016, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n dìbò lórí bóyá kí wọ́n kúrò nínú ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, ọkùnrin kan yìnbọn fún Jo Cox, obìnrin aṣòfin ẹgbẹ́ Labour, ó tún gún un lọ́bẹ ní ojú pópó ní àdúgbò tó ń ṣojú fún. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi Òyìnbó yangàn lójú wa.

Síbẹ̀, ohun méjì wà lọ́dọ̀ wọn tí mo fẹ́ kí ẹ wò. Wọ́n dìbò ní 4 July 2024. Ní ọjọ́ kejì, Rishi Sunak tó pàdánù jáde síta iwájú ilé ìjọba, ó sọ níwájú gbogbo ayé pé èèyàn rere ni Keir Starmer tó na òun, àti pé òun bọ̀wọ̀ fún un. Ó wọ mọ́tò, ó lọ. Lọ́jọ́ kan náà Starmer wọlé. Ìkejì ni pé láti 1937 ni òfin ti ní kí wọ́n máa san owó oṣù fún olórí àwọn alátakò láti inú àpò ìjọba. Ẹ gbọ́ o, ìlú ló ń san owó fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa tako ìjọba ìlú! Ní November 2024, ọmọ Yorùbá ni wọ́n yàn sípò náà, Kẹ́mi Badenoch, ọmọ Adégòkè. Ẹnu rẹ̀ mú, ọ̀pọ̀ wa nílé kò sì fara mọ́ ohun tó máa ń sọ nípa Nàìjíríà. Èmi wà lára wọn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé kò sí ẹni tó pè é ní ọ̀tá ìlú nítorí pé ó ń takò. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwa alátakò ń bẹ̀bẹ̀ fún ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti 24 February 2017 ni ẹgbẹ́ APC ti gba ìjọba níbí, lábẹ́ olóògbé Rótìmí Akérédolú, àti lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 27 December 2023, lábẹ́ Lucky Ayédatíwá. Bí a bá béèrè pé kí ló dé tí omi ẹ̀rọ kò yọ, wọ́n á ní ọ̀tá ìjọba ni wá. Bí a bá béèrè iye tí iṣẹ́ ọ̀nà kan jẹ́, wọ́n á ní inú ń bí wa ni. Inú ń bí wa lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni mo gbé wá, ìbéèrè sì ni kí wọ́n dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ dìbò fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ìdáhùn náà ju èmi lọ, nítorí pé ẹ̀yin lẹ rán wọn níṣẹ́.

Ibí yìí gan-an ni ìríra ti ń pa wá lára jù. Bí mo bá kórìíra ẹgbẹ́ yín tán, n kò ní í lè rí àléébù ẹgbẹ́ tèmi mọ́. Kánsẹ́lọ̀ wa ì báà kó owó kànga jẹ, n ó ní ti àwọn ẹgbẹ́ kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà á ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiyín. Olóṣèlú tó bá ti mọ̀ pé ìkórìíra tí ẹ ní sí òdìkejì yóò gbé òun wọlé, kí ni yóò tún ṣiṣẹ́ fún? Yóò kàn máa da epo sí iná ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni. Bí àga bá sì gbóná mọ́ ọn, yóò fò sọ́dọ̀ àwọn tó ní kí ẹ kórìíra. Kò sí ẹgbẹ́ kan tí kò ṣe é. Agboọlá Àjàyí jẹ́ igbákejì gómìnà lábẹ́ APC, ní ọdún 2020 nìkan ó lọ sí PDP, ó tún lọ sí ZLP, ní 2024 ó sì padà díje lábẹ́ PDP. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, òfin kò dè é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá àna rẹ̀ jà nítorí rẹ̀ ní June, kí ni ó ń sọ fún àna náà ní September?

Àwọn tó tún ń kú lọ́wọ́ ìjà yìí ni àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Ní ìbò gómìnà 16 November 2024, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wa ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ayédatíwá ní ohùn 366,781, Àjàyí ní 117,845. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kò pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún márùn-ún. Àwọn ẹgbẹ́ tó kù rí díẹ̀díẹ̀ ṣà. Èyí já sí pé bí a bá kó olùdìbò mẹ́rin jọ ní Òkòjà tàbí ní Ìwárò, nǹkan bí ẹnì kan ló jáde. Mẹ́ta jókòó sílé. Ẹnì kan yẹn ni a pín sí méjì tí a ń fi ń bú ara wa! Ní ilé dé ilé tí mo ń lọ, mo ti bi ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó sílé léèrè ìdí. Àwọn kan ní gbogbo yín ọ̀kan náà ni. Àwọn kan ní ohùn àwọn kì í jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ló sọ pé àwọn kò fẹ́ wàhálà, àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tí àwọn wà, nítorí ọjà tí àwọn ń tà. Ẹ̀rù àwa ọmọ ẹgbẹ́ ló ń bà wọ́n. Àwọn tí ń fowó ra ìbò sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí àwọn tó jáde bá ti kéré tó ni owó "dìbò kí o sebẹ̀" yóò ṣe tó wọn.

Mo sì ń ronú nípa àwọn ohun tó ń bá wa jà tí kì í béèrè káàdì ẹgbẹ́. Ní January 2021, tírélà kan já wọ àárín èrò ní Àkùngbá, níwájú yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Ajáṣin pè, ó pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rin ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà mọ òkè náà. Ní 5 June 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ṣé wọ́n béèrè ẹni tó jẹ́ APC àti ẹni tó jẹ́ PDP? Àwọn ajínigbé tó ń dá wa lọ́nà oko ńkọ́? Bí wọ́n bá gbé èèyàn ní Ọ̀kà, gbogbo agbo-ilé ló ń dá owó, tọ̀tún tòsì. Bí ilẹ̀ bá sì tún mọ́, a ó padà sídìí bíbú ara wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní wọ́ọ̀dù gbogbo ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ẹ̀yin ni mo kọjú sí báyìí. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá ya pósítà ẹgbẹ́ kejì yóò fi owó ara rẹ̀ tẹ òmíràn fún wọn. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé, àwọn kan kùn, mo tún sọ ọ́ níbí kí gbogbo ìlú lè gbọ́. Ẹ má ṣe ṣe ìpolongo níbi òkú, níbi ìgbéyàwó tàbí níbi ìsọmọlórúkọ. Bí ẹ bá wọ ilé tí wọ́n ti ní àwọn kì í ṣe tiwa, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí lára ìjọba àti ohun tí wọn kò rí, ẹ sì tẹ́tí. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn lórí ẹni tó jalè jù. Ohùn wọn ni a ń wá. Bí àwọn tó dìbò fún wa tẹ́lẹ̀ nìkan bá tún dìbò fún wa, ìlù kan náà ni wọn yóò tún lù wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì yí ìbò, ìwé èsì tí aṣojú wa fọwọ́ sí ní àgọ́ ìdìbò ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe pẹtirólù. Ìwé ìbò ni ilé ẹjọ́ fi dá ipò Ajáṣin padà fún un ní 1983.

Ẹ̀yin ti ẹgbẹ́ kejì, n kò ní kí ẹ fẹ́ràn wa. Ẹ takò wá, ẹ já wa nírọ́ bí a bá purọ́. Mo kàn bẹ̀ yín kí ẹ bi àwọn tiyín ní ìbéèrè tí ẹ fi ń bi àwa.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá mo lọ sí Ọ̀kà, mo gba ẹnu ọ̀nà òdìkejì wọlé. Àbúrò bàbá àgbà mi ṣì wà láyé, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo sọ fún un pé àwa ọmọ-ọmọ fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn sí ògiri náà kí àwọn ọmọdé lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá bi mí pé ẹgbẹ́ wo ni mo ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ìyẹn náà?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n ṣọ́ra, ògiri náà ti gbó ní apá òkè, kí ó má wó lu ẹnikẹ́ni.

Sátidé tó ń bọ̀ ni bíríkìlà yóò dé. Nítorí náà, ìpàdé wọ́ọ̀dù tó yẹ kó wáyé lọ́jọ́ náà ti sún sí ọjọ́ Àìkú, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níbi tí a ti máa ń ṣe é.